Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin dókítà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ìbàdí tó yẹ̀, ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ ò dé ọ̀dọ̀ àwa tá a wà ní rẹ́kọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn rárá. Ohun tí dókítà bá kọ la máa ń sọ di kóòdù, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó dúró fún àìsàn kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò kọ, níbo la ti fẹ́ rí i?

Fáìlì á dé, n ó ṣí i, lẹ́tà mẹ́ta péré ni wọ́n kọ síbẹ̀, CDH, ìyẹn "congenital dislocation of the hip", ìbàdí tó yẹ̀ látìgbà ìbí. Kò sí ọ̀tún, kò sí òsì, kò sọ bóyá eegun ti jáde pátápátá àbí ó kàn ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. CDH yìí kan náà ni wọ́n tún ń kọ fún ọmọ tí awọ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn rẹ̀ lu ("congenital diaphragmatic hernia"), kóòdù Q79.0 nìyẹn, ti ìbàdí sì ń bẹ ní Q65, tí ẹni tó ń kóòdù bá ń kánjú, ọmọ tí ìbàdí ẹ̀ yẹ̀ ti di ọmọ tí ìfun ẹ̀ gòkè sínú àyà nìyẹn o.

Bẹ́ẹ̀ àyè wà. Nínú ICD-10, ìwé kóòdù àìsàn ti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá yẹ̀ pátápátá Q65.0 ni, tó bá jẹ́ méjèèjì Q65.1, tó bá yẹ̀ díẹ̀ ó di Q65.3 àbí Q65.4, èyí tí kò tíì yẹ̀ àmọ́ tí kò dúró dáadáa lójú ihò ẹ̀ ni Q65.6. Èyí tó kàn ń ró kọ́ tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ ọmọ, R29.4 ni, kò sí lára Q65 rárá. Àwọn ará Amẹ́ríkà tiẹ̀ ti ya ọ̀tún sí Q65.01, òsì sí Q65.02, láti oṣù kẹwàá 2015. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, Q65.2 àti Q65.9 là ń kó wọn dà sí, ìyẹn àwọn tí wọn ò ṣàlàyé.

Àwọn kan ní ICD-11 tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2022 ló máa tún un ṣe. Irọ́ ni jàre, ìwé tuntun ò lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kọ.

Ìdí tó fi ń dùn mí ni pé àsìkò ò dúró de ọmọ wọ̀nyí, okùn Pavlik tí wọ́n fi ń ya ẹsẹ̀ wọn, kó tó pé oṣù mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ jù, tó bá ti pẹ́ ó lè di iṣẹ́ abẹ. Tí wọ́n bá fẹ́ pe ọmọ padà wá fún sikáànù, inú kóòdù ni wọ́n ti máa ń fa orúkọ yọ, ọmọ tí kóòdù ẹ̀ ṣìnà ò ní sí níbẹ̀, ìyá ẹ̀ á sì rò pé ara ọmọ òun ti yá. Wọ́n máa ń sọ pé ti òsì ló pọ̀ jù, pé obìnrin, àkọ́bí àti àwọn tó fi ìdí wálẹ̀ ló máa ń ṣe jù, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ lọ́dọ̀ tiwa nígbà tá ò kọ ẹ̀gbẹ́?

Mo mọ̀ pé èrò pọ̀ ní kíníìkì. Ṣùgbọ́n "ìbàdí òsì, ó yẹ̀ pátápátá", ṣé ìyẹn náà ń gba àkókò ni? Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi dókítà eegun tó bá yín sọ̀rọ̀ léèrè.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan