Mosún, ọ̀rọ̀ oúnjẹ Ẹ̀yinlẹmọ̀ rè é o

Ìbàdàn,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Mosún mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Báwo ni Houston? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, àfi bàtà mi méjì tí Ẹ̀yinlẹmọ̀, ọmọ ajá wa, ti jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ tí Bàbá Tólú sọ ajá náà nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó wá òmíràn, ó kọ̀. Bí mo bá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ tí mò ń ké "Ẹ̀yinlẹmọ̀! Ẹ̀yinlẹmọ̀!", ìyàwó ilé kejì á ti fèrèsé rẹ̀ gbàgà. Ó rò pé òun ni mò ń bá wí.

O bi mí léèrè ohun tí à ń fún un jẹ. Ẹ̀bi mi ni mo máa kọ́kọ́ rò fún ọ. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni nígbà tó dé. Alsatian ni ìyá rẹ̀, Boerboel ni bàbá, àwọn ajá South Africa tó ń tóbi bí ọmọ màlúù yẹn. Ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ ni mò ń bù fún un, bí màmá mi ṣe ń bọ́ ajá nílé wa nígbà tá a wà ní kékeré. Mo gbàgbé pé ajá màmá mi kò tóbi, àti pé inú igbó ló ti ń lọ pa eku jẹ kó tó wálé wá jẹ ẹ̀bà. Inú ọgbà ni tèmi wà. Ohun tí mo bá bù nìkan ló ní. Ikùn rẹ̀ yọ bí ìlù, irun rẹ̀ ṣá, síbẹ̀ kì í sinmi: ó ń sáré, ó ń walẹ̀, ó ń họ ẹsẹ̀ àga jẹ. A ní ara rẹ̀ ló yá jù. Mo bá ń fi ẹ̀bà kún ẹ̀bà.

Dókítà ẹranko tó fún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára ló là mí lójú. Ó ní aràn wà nínú ọ̀rọ̀ ikùn yẹn, ó fún un lóògùn. Ó wá bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀bà. Mo ní gàrí. Ó ní kí ló tún kù? Mosún, mi ò rí nǹkan kan sọ. Ó ní ojoojúmọ́ ni ọmọ ajá ń kọ́ iṣan àti egungun, ẹran, ẹja àti ẹyin ló sì fi ń kọ́ ọ. Gàrí kàn ń kún inú ni. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ wá burú jù, ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ìbáà jinná ìbáà má jinná. Èmi tí mò ń bu omi ọbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́!

Mo gba ọjà lọ. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ń fi kóńgò wọn oúnjẹ ajá látinú àpò tó ti là sílẹ̀. Ta ló mọ ọjọ́ tó là á? Ta ló mọ̀ bóyá ti àgbà ajá ni? Mo kúrò níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta odidi àpò ni mo ti yọ fọ́tò ẹ̀yìn àpò tó o fi ránṣẹ́ jáde, tí mo ń wá ìlà kékeré tó o fi pupa yí po: pé oúnjẹ náà wà fún ọmọ ajá tó ń dàgbà, títí kan èyí tó máa wọ̀n tó 70 pọ́ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá dàgbà, ìyẹn bíi 32 kílò. Mo rí i lára àpò kan. Owó rẹ̀ mú kí n jókòó ná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Akọ̀wé (àbúrò ọkọ mi; o mọ̀ pé mi ò lè pe orúkọ rẹ̀) rí i pé ajá náà ń ga, ó ní egungun rẹ̀ ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ó lọ ra calcium oníhóró, ó ń lọ̀ ọ́ sínú oúnjẹ rẹ̀. Ó tó oṣù kan kí n tó mọ̀. Ọjọ́ tí mo rí i tí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì yà síta, tó ń tiro, ẹ̀rù bà mí. Dókítà ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ní, "Ta ló ń fún un ní calcium?"

Ó ní àgbà ajá máa ń gba ìwọ̀nba tó nílò, ìyókù á bá ìgbẹ́ jáde. Ọmọ ajá tí kò tíì tó oṣù mẹ́fà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti pọ̀ nínú oúnjẹ, àpọ̀jù ló máa wọ ara rẹ̀, egungun á sì máa dàgbà gbágungbàgun. Oúnjẹ inú àpò sì ti ní èyí tó tó. Nígbà ẹ̀bà, kò rí i tó. Nígbà tó wá rí i tó, Akọ̀wé tún da tirẹ̀ lé e.

Ó tún kìlọ̀ pé ká má bọ́ ọ ní àbọ́yó nítorí ká fẹ́ kó tètè tóbi. Ajá ńlá lè dàgbà títí di ọdún kan àbọ̀, kó rọra dàgbà ló dáa fún oríkèé rẹ̀. Bàbá Tólú tó fẹ́ kó ti máa lé olè kí ọdún Kérésì tó dé ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ la wá ń bọ́ ọ báyìí, agolo mílíìkì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Màá fọwọ́ ra ìhà rẹ̀ lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀: bí egungun ìhà bá rí lọ́wọ́ bí ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́, ó dáa, bó bá le gbagidi bí oríkèé ìka téèyàn di ní ẹ̀ṣẹ́, ó ti rù, bí mi ò bá rí i tọwọ́ bà rárá, màá dín oúnjẹ kù. Mo máa ń fi ṣàwá bíbọ̀ tí mo ti yọ egungun rẹ̀ tàbí ẹyin díẹ̀ sí i, bíntín ni, kò ju ìdámẹ́wàá lọ. Wọ́n ní ká fi bí ọ̀sẹ̀ kan yí oúnjẹ padà díẹ̀díẹ̀. Ìwàǹwára mi mú mi ṣe é lọ́jọ́ kan. Jẹ́ kí n má sọ ohun tó ṣe sí kápẹ́ẹ̀tì.

Kò tiro mọ́. Ẹsẹ̀ òsì ṣì yà díẹ̀, dókítà máa tún un wò lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń bọ́ tìrẹ nígbà tó wà ní kékeré?

Láàárọ̀ yìí, Tólú rí eyín ajá náà kan nínú abọ́ rẹ̀. Ó sáré jù ú sórí òrùlé kí alángbá má baà rí i, ó wá dúró, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ti ajá náà kan alángbá?" Mo ní kó lọ bi bàbá rẹ̀.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Bísí rẹ.