Ẹṣin mẹ́rin ló ń dá wa dúró: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtìlẹ́yìn, ẹ sì kú sùúrù. Mo mọ̀ pé sùúrù yẹn ti ń tán lọ́wọ́ àwọn kan nínú yín, òun ló jẹ́ kí n pa iṣẹ́ tì lónìí kí n jókòó kọ ìwé yìí.

Ìbéèrè mẹ́ta ló ń wọlé lemọ́lemọ́, lórí fóònù àti ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo. Àwọn kan ń bi wá pé kí ló dé tí ṣẹ́ẹ̀sì onígi wa fi wọ́n tó báyìí nígbà tí oníke wà lọ́jà. Àwọn kan ní kí ló dé tí a fi ní kí àwọn dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìkẹta ló wọ̀ mí lára jù. Bàbá kan ló pè, wọ́n ní àwọn ṣí àpótí tí àwọn rà fún ọmọ àwọn, àwọn to ọmọ ayò sórí pátákó, àwọn wá rí i pé ẹṣin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jọra. “Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń bínú, ọ̀kan dà bí ẹni tí oorun ń kùn.” Wọ́n ní ṣé ọjà tó ní àbùkù la tà fún àwọn ni? Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n, mo sì ṣèlérí pé màá ṣàlàyé. Àlàyé náà nìyí, gbogbo yín ni mo sì ń bá wí, nítorí ibì kan náà ni ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń wá.

Ọmọ ayò 32 ló wà nínú àpótí kan, 16 funfun, 16 dúdú. Ẹ wo ọba, ẹ wo olorì, ẹ wo bíṣọ́ọ̀bù, ilé ìṣọ́ àti àwọn ọmọ ogun wẹ́wẹ́: roboto ni gbogbo wọn. Orí ẹ̀rọ tó ń yí igi la ti ń ṣe wọ́n. A ó de igi mọ́ ẹ̀rọ, á máa yí bírí, ọwọ́ á di irin mú, igi á máa fá ara rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lè yí ọmọ ogun mẹ́jọ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jiná. Bíṣọ́ọ̀bù, a ó fi ayùn là á lórí díẹ̀. Ilé ìṣọ́, a ó gé eyín sí i lórí. Ó parí.

Ẹṣin ni kò ṣe é yí. Ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, ó ní ọ̀tún, ó ní òsì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó fi ń jókòó nìkan ni ẹ̀rọ lè bá wa ṣe. Láti ọrùn dé etí, ọwọ́ ni. Mẹ́rin péré ni ẹṣin nínú 32, síbẹ̀ nínú iye tí ẹ ń san, owó mẹ́rin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti 28 yòókù. Kì í sì í ṣe Òṣogbo nìkan ni ọ̀rọ̀ ti rí báyìí. Ní Amritsar ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí púpọ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀sì onígi tí ayé ń rà ti ń wá, àwọn agbẹ́gi kan wà tó jẹ́ pé ẹṣin nìkan ni wọ́n ń gbẹ́ láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń gbẹ́ lálẹ́. Ẹni tó ń yí ọba níbẹ̀ kì í bá wọn dá sí i.

Ẹ lè ní, ṣé dandan ni kó rí bẹ́ẹ̀? Rárá o. Àwọn tó kọ́kọ́ ta ayò yìí ní ilẹ̀ Mùsùlùmí láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò gbẹ́ ojú kankan sí ẹṣin. Wọ́n á yí igi tàbí eyín erin roboto, wọ́n á wá fi nǹkan kékeré kan síwájú rẹ̀ bí imú, àwọn tó ń ta á ti mọ̀ pé ẹṣin nìyẹn. (Ẹ fi eléyìí sọ́kàn, mo máa padà sí i.) Àwọn mìíràn ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1831, wọ́n rí àwọn ọmọ ayò kan ní erékùṣù Lewis ní Scotland, eyín ẹran omi tí wọ́n ń pè ní walrus ni wọ́n fi gbẹ́ wọn ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn. Ẹṣin tiwọn ní ẹni tó gùn ún: ọkùnrin tó di asà àti ọ̀kọ̀ mú, ẹṣin kékeré bí ọmọ màlúù lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀, mo pariwo. Ẹlẹ́ṣin tiwa ni! Ẹ lọ wo iṣẹ́ Olówè Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, ẹ wo ti àwọn àgbà agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá yòókù: ẹni tó wà lórí ẹṣin ló máa ń tóbi, ẹṣin á kéré lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò mọ bí ẹṣin ṣe tóbi tó. Ẹni tí wọ́n ń yìn ni wọ́n gbẹ́. Ẹṣin kàn wà níbẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni ńlá ni.

Èyí tí a ń tà fún yín wá yàtọ̀ pátápátá. London ni wọ́n ti gbé e jáde. Nathaniel Cooke ló forúkọ àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1849, ilé iṣẹ́ Jaques ló ṣe é, orúkọ Howard Staunton, ògbólógbòó ọ̀tayò ìgbà náà, ni wọ́n fi tà á. Kí ó tó dé, ọmọ ayò ga tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń ṣubú, ẹlòmíràn kì í tètè dá olorì mọ̀ yàtọ̀ sí bíṣọ́ọ̀bù. Ti Staunton sanra nísàlẹ̀, ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan ti mọ èwo ni èwo. Òun ni FIDE, ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, fọwọ́ sí fún ìdíje títí dòní. Ẹṣin rẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé ara orí ẹṣin olókùúta kan ni wọ́n ti wò ó, èyí tí wọ́n kó láti Parthenon, ilé òrìṣà àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, wá sí ilé ohun àtijọ́ ní London. Wọ́n mú ẹlẹ́ṣin kúrò. Wọ́n gé ara ẹṣin dànù. Orí àti ọrùn nìkan ló kù.

Ìṣòro tèmi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹlẹ́ṣin ni ọ̀gá mi kọ́ mi, n kò kọ́ orí ẹṣin lásán rí. Àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́ fún ṣẹ́ẹ̀sì, mo fi ojú ńlá sí i bí a ṣe máa ń fi sí ère, mo fún un ní ètè. Ọmọ iṣẹ́ mi wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá, ewúrẹ́ yìí dára.” N kò lè bínú, òótọ́ ló sọ. Mo bá wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin lọ́dún iléyá, nígbà tí wọ́n ń fi ẹṣin ṣeré níwájú Ẹ́míà, mo dúró ti ẹṣin kan títí ẹni tó ni ín fi bi mí bóyá mo fẹ́ rà á. Ẹ̀yin ará Òṣogbo á mọ ìdí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń bọ̀ nílé. Ní nǹkan bí 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ló wá bá wa ní ìlú yìí, àwọn Ìbàdàn ló bá wa tú wọn ká. Èmi wá lọ bá wọn tọrọ ẹṣin.

Ohun tí mo rí lọ́hùn-ún ni pé egungun ló ń mú ojú ẹṣin dà bí ẹṣin. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbòòrò, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà ni ojú á wá sọ̀kalẹ̀ tín-ín-rín dé imú. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kò bá sí, ẹ fi irun sí i, ẹ fi ìjánu sí i, ewúrẹ́ ni.

Bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ, ọ̀nà àwọn baba wa náà ni. Ọnà lílé ló ṣáájú: a ó gé igi bí ẹṣin ṣe rí tí a bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà àlétúnlé: ọrùn á yà kúrò lára ẹ̀rẹ̀kẹ́, etí á yọ. Dídán tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ló ń gba àkókò jù, nítorí sáńpépà kì í wọ abẹ́ àgbọ̀n, ọ̀bẹ la fi ń dán an. Fínfín ló kẹ́yìn: irun ọrùn, ihò imú, ẹnu, ojú. Ojú la ń fi sílẹ̀ títí dìgbà tí ọwọ́ bá balẹ̀, nítorí bí ọ̀bẹ bá yọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko di igi ìdáná. Ẹṣin kan a máa gba ọjọ́ kan, òmíràn á wọ ọjọ́ kejì. Ẹ ṣírò mẹ́rin, ẹ rántí pé kì í ṣe àpótí yín nìkan ló wà nílẹ̀.

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, bẹ́ẹ̀ gan-an la sì ń ṣe é: ẹṣin àkọ́kọ́ á dúró lórí tábìlì, a ó máa wò ó gbẹ́ mẹ́ta yòókù. Gíga wọn kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Níbi tí ọba bá ti jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9.5, ẹṣin á jẹ́ 6, ìwọ̀n tí FIDE ń lò nìyẹn. Ìdí wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, ọrùn wọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ bákan náà. Bí ẹ bá rí èyí tó ga ju èkejì lọ, ẹ dá a padà, àwa la jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ojú? Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, n kò lè ṣèlérí pé ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọra, n kò tilẹ̀ fẹ́ kó jọra. Ẹṣin tó ń bínú yẹn, èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ó wù mí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ọ̀kan tó jẹ́ ẹ̀bi wa lóòótọ́. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹnu ẹṣin mélòó kan là. Igi tí kò tíì gbẹ dáadáa la lò, ìkánjú ló fà á. Iṣan igi ń lọ sókè láti ìdí dé etí, torí náà etí kì í tètè kán, ṣùgbọ́n ẹnu tó yọ síta gba orí iṣan yẹn kọjá, ibẹ̀ ló ń là. Ìdí tí a fi ń tẹ àgbọ̀n ẹṣin wa mọ́ àyà rẹ̀ nísinsìnyí nìyẹn; ìgbéraga kọ́. Gbogbo ẹni tó ra tirẹ̀ nígbà ọyẹ́ yẹn, ẹ mú ẹṣin wá, a ó gbẹ́ òmíràn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Igi tí a ń lò, àwọn funfun jẹ́ igi ọsàn. Ó le, ó kúnná, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀, àgbàlá àwọn èèyàn tó bá gé ọsàn ògbó la ti ń rà á. Àwọn dúdú jẹ́ igi dúdú fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú aró, kí ló dé tí ẹ kò fi aró pa á? A dán an wò. Ó ń ran ọwọ́. Ẹni tó fi dúdú ta ayò á lọ sílé pẹ̀lú ìka aláró.

Nísàlẹ̀ ẹṣin, a máa ń lu ihò kan, a ó ki nǹkan wúwo sí i, kí orí má bàa fà á ṣubú. Òjé ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Àwa ti fi òjé sílẹ̀, irin la ń kì sí i, nítorí ọmọdé ló ń ta ọ̀pọ̀ nínú wọn, a sì ń rántí bí májèlé òjé ṣe pa àwọn ọmọdé ní Zamfara ní 2010.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló kàn. Láti ìgbà tí Túndé Ọ̀nàkọ̀yà, ọ̀tayò ọmọ Nàìjíríà, ti fi wákàtí 60 ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square ní New York lóṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn olùkọ́ ń wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n á fẹ́ àpótí mẹ́wàá, owó wọn kò sì ní ká. Fún wọn la ṣe padà sí ẹṣin àtijọ́ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: orí ẹ̀rọ la ti ń yí i, a ó fi ayùn gé iwájú rẹ̀ dagun, a ó yọ etí méjì, kò sí ojú, kò sí irun. Ó gbà wá ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Àpótí tó ní ẹṣin yẹn dín owó gan-an, ọ̀sẹ̀ kan la sì ń fi ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ẹṣin gbígbẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì ni, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. A kò ní fi ẹṣin oníke dí àlàfo fún ẹnikẹ́ni, ẹ má bẹ̀ wá.

Bí ẹ bá ń ta á, ọrùn ni kí ẹ ti máa mú ẹṣin, kì í ṣe etí. Òun nìkan ló ń fo orí ẹlòmíràn nínú ayò yìí, òun náà ló máa ń gbá olorì nígbà tó bá ń balẹ̀. Ibi tó kọjú sí, iwájú ni o, ẹ̀gbẹ́ ni o, òfin kò sọ, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín.

Bí ẹnu tàbí etí bá sì kán, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Ẹ wá èyí tó kán nílẹ̀, ó máa ń yí lọ sábẹ́ àga, ẹ fi bébà wé e, ẹ kó méjèèjì wá. A ṣí láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó mú un lọ.