Lẹ́tà sí bàbá mi, ẹni tó jagun ní Bọ́mà

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo kí yín. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún yìí, bí rédíò ṣe ń ròyìn ayẹyẹ ìrántí àwọn akọni ọmọ ogun tí wọ́n ń ṣe ní Agodi, tí wọ́n ń sọ bí gómìnà ṣe gbé òdòdó lélẹ̀ tí wọ́n sì tú àwọn ẹyẹlé sílẹ̀, ni fóònù mi dún. Ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí ló ń pè láti Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun níṣẹ́. Ó ní wọ́n ti pín àwọn, Borno sì ni wọ́n ń gbé òun lọ. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n ki òun ní oríkì Ìkòyí, oríkì àwọn Ẹ̀ṣọ́ jagunjagun ilé wa, kí òun tó kúrò, ṣùgbọ́n ariwo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ níbi tó wà, ó sì ní òun fẹ́ gbọ́ ọ délẹ̀, nítorí náà òun yóò tún pè ní alẹ́ Sátidé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá yín rojọ́ nínú ọkàn mi, nítorí kò tún sí ẹlòmíràn láyé tó wà lójúde wa ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ bi yín léèrè rẹ̀ yìí.

Ogun tó wà ní Borno kò ṣojú yín, ẹ ti fi ilẹ̀ bora láti ọdún 1994. Ọdún 2009 ni Boko Haram dá a sílẹ̀, kò sì tíì parí títí di òní. Ọmọ tó ń kọ́ ABD nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ ti dàgbà tó ẹni tó ń gbé ìbọn lọ sínú rẹ̀ báyìí. Èmi kò bá a jà nígbà tó ní iṣẹ́ ṣọ́jà ni òun fẹ́ ṣe. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a jà? Bàbá tó bí bàbá yín wà lára àwọn tó jókòó ti ogun Kírìjì títí wọ́n fi tú ká ní ọdún 1893, ẹ̀yin lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi, sì lọ sí ogun Biafra. Iṣẹ́ ilé wa ni, iṣẹ́ ọlá sì ni pẹ̀lú. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, n kò sì ní jókòó níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti ń sọ pé òmùgọ̀ ni àwọn tó fi ara wọn jìn fún ìlú.

Ohun tí ẹ sọ fún wa nípa Bọ́mà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo gbàgbé nínú rẹ̀. Ẹ sọ nípa òjò tó ń rọ̀ tí aṣọ kì í gbẹ lára yín, ẹ sọ nípa eṣúṣú tó ń lẹ̀ mọ́ itan, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń fi orí ru àpótí ọta gun òkè, àti bí bàálù ṣe ń ju oúnjẹ sílẹ̀ láti òkè nítorí pé ọkọ̀ kò lè dé inú igbó Kaladan. Ẹ sọ nípa ọ̀nà tí ẹ̀yin fúnra yín fi ọkọ́ àti àdá là láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn, tó gùn tó máìlì 75. Èdè Hausa tí gbogbo yín ń sọ nínú iṣẹ́ ogun náà ni ẹ bá bọ̀ wálé, tó fi jẹ́ pé òun ni ẹ fi ń bá àwọn Mọ́là tó ń ta màlúù ná ọjà ní Bódìjà. Ìtàn tí ẹ fẹ́ràn jù ni ti Myohaung, ìlú kan ní Bọ́mà, bí ẹ ṣe gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Japáànì ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1945, ẹ sì máa ń dìde dúró bí ẹ bá ti dé orí rẹ̀.

Àwọn nǹkan tó kù, ìwé ni mo ti kà wọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà tó bí 90,000, àti pé aláǹtakùn tó wà lára báàjì yín ni àmì Dífíṣọ̀n 81. Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé Letmauk tí wọ́n fi sọ báráàkì Mọ́kọ́lá jẹ́ orúkọ ibì kan ní Bọ́mà, bí Dodan àti Arakan tó wà ní Èkó náà ṣe jẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń mú mi kọjá níwájú báráàkì yẹn bí a bá ń lọ sí Sábó, ẹ mọ ibi tí orúkọ náà ti wá, ẹ kò sì wí nǹkan kan. Nígbà tí mo tún gbọ́ ìtàn Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ìbọn bà létí odò Kaladan ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1944, tí àwọn ará abúlé kan tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí sì fi pamọ́ títí di oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan náà, ẹkún ni mo sun. Ẹ̀yin náà wà lágbègbè odò yẹn nínú ọdún yẹn. Àwọn wo ni wọ́n ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí ẹ kò dárúkọ fún wa rí? Ní itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun ní Taukkyan, ní ìtòsí Rangoon ní Bọ́mà, wọ́n kọ orúkọ nǹkan bí 27,000 àwọn ọmọ ogun tí a kò mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín wà nínú wọn. Ìtàn ìṣẹ́gun nìkan ni ẹ kó wálé fún àwa ọmọ yín, òun náà sì ni Bọ̀dá gbọ́ dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí mo ń lọ.

Ẹ rántí bí ìlú ṣe rí ní oṣù Ògún ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra ti gba Benin kọjá, tí wọ́n sì dé Òrè. Ó le kú, ìjà Òrè! Àwọn kan ti ń di ẹrù wọn n'Íbàdàn. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìgbà yẹn kí ọ̀rọ̀ ogun tó wọ Bọ̀dá lára, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti pa Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-oòrùn, pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè, ní Lálúpọn ní oṣù Agẹmọ ọdún 1966, tí gbogbo ènìyàn sì ń sọ ọ́ pé ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀, ni Bọ̀dá ti ń sọ pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni òun fẹ́ jẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá lójúde, Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ohùn Ìyá kò gbọ̀n rárá. Ó pè é ní ọmọ Oníkòyí arógunyọ̀, ó ní Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni wọ́n fi í gba ọta. Ó ní ohun méjì ló yẹ Ẹ̀ṣọ́. Ó ní Ẹ̀ṣọ́ jà, ó lé ogun. Bó ṣe fẹ́ mí kó tó bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì ni ẹ na ọwọ́, ẹ di apá rẹ̀ mú, ẹ ní, "Ó tó. Ọkọ̀ ń dúró."

Bàbá mi, ọkọ̀ kankan kò dúró. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo títì. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wá kó wọn kò dé títí oòrùn fi ga, títí tí àwọn tó wá sìn ín fi ń wá ibòji. Àkókò tí Ìyá ì bá fi kì í délẹ̀, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, wà níbẹ̀. Bọ̀dá kò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo ẹnu Ìyá, nítorí òun náà mọ ẹsẹ̀ tó kù, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n: Ẹ̀ṣọ́ jà, ó kú sógun. Ìyá pa ẹnu dé. Ẹ̀yin wọ yàrá lọ, ẹ kò sì jáde wá mọ́ títí ọkọ̀ fi gbé e lọ. Èmi ni mo ru àpò rẹ̀ dé etí títì.

Ẹ ò rí i pé gbogbo nǹkan mìíràn nípa ọjọ́ náà ti ń parẹ́ mọ́ mi lọ́kàn. N kò rántí aṣọ tí Bọ̀dá wọ̀. N kò lè fi gbogbo ẹnu sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín lára apá Ìyá, mo ń rí i ju bí mo ṣe ń rí ìwé tí mo ń kọ yìí lọ.

Ẹ mọ èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n kó o mọ́ àwọn ọmọ ogun Benjamin Adékúnlé, ó kọ lẹ́tà láti Port Harcourt lẹ́yìn tí wọ́n gba ibẹ̀ ní oṣù Èbìbí ọdún 1968, ó ní ara òun le. Lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí ogun parí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó fi ọ̀pá rìn dé ọ̀dọ̀ wa gbé àpò rẹ̀ wá, tó sì sọ fún yín pé lágbègbè Owerri ni, ní ọdún 1969, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba ìlú náà padà. Kò sí òkú, kò sí ibojì. Títí Ìyá fi kú ló ń sọ pé ẹsẹ̀ oríkì tí a kò kì tán ni ikú gbà wọlé, pé ẹni tí a bá ki dé ìdajì, ìdajì ọ̀nà ni orí rẹ̀ yóò dúró sí. Ó sọ ọ́ lójú yín, ó sọ ọ́ lójú àwọn àna. Ẹ kò dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èyí ni mo ń bínú sí yín lé lórí. Mo lè rò ó pé nítorí pé ẹ ti rí bí ènìyàn ṣe ń kú sógun ni ẹ kò ṣe fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ikú kan ọmọ yín lára láti ẹnu ìyá tó bí i. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìfẹ́ ni ẹ fi ṣe é, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá sì tu Ìyá nínú. Mo tún lè rò ó pé oríkì náà fúnra rẹ̀ ló ti sú yín, pé láti Kaladan ni ẹ ti mọ̀ pé ọta kì í bi ènìyàn bóyá iwájú ló kọ tàbí ẹ̀yìn. Bó bá sì jẹ́ èyí, Bọ̀dá ló yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún, kó gbọ́ òtítọ́ ogun lẹ́nu bàbá rẹ̀ tó ti débẹ̀ rí. Ẹ gbé méjèèjì mì. Ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn gbé ẹ̀bi yín wọ sàréè.

Kí ọjọ́ ìrántí tó yí padà, ọjọ́ 11 oṣù Bélú ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ máa ń fi Ìràwọ̀ Bọ́mà sí àyà, ẹ máa ń mú èmi àti Bọ̀dá dání, ẹ sì máa ń yan bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ sí ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ, nítorí pé ọjọ́ náà ni Biafra túúbá ní ọdún 1970, ẹ kò lọ mọ́. Ogun tiyín àti ogun Bọ̀dá ti bọ́ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn láti àárọ̀, bí a bá sì gbé oúnjẹ wá, ẹ ó ní ara yín kò yá. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbànújẹ́ yín nígbà náà, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un títí di òní, ṣùgbọ́n àwa tó kù nínú ilé náà ń ṣọ̀fọ̀, a sì nílò yín.

Ọ̀rọ̀ ti wá yí sórí èmi gan-an báyìí. Ọmọbìnrin mi kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Zaria. Ó ní èmi ni mo fi oríkì kó ogun sí i lórí, pé ọmọ ilé àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, pé oríkì ilé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, kí ló dé tí mo fi ń fi ti Ìkòyí jí i láràárọ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi. Mo sọ fún un pé ọ̀nà tí a gbà tọ́ mi ni mo gbà tọ́ ọmọ, pé oríkì kì í mú ènìyàn lọ gba fọ́ọ̀mù. Kò dá mi lóhùn. Àìdáhùn rẹ̀ jọ tiyín. Lóru, ń ṣe ni mo máa ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, bí nọ́ńbà tí n kò mọ̀ bá sì pè, ẹsẹ̀ mi á tutù kí n tó gbé e. Bí mo bá ki ọmọ náà délẹ̀, tí nǹkan kan sì ṣe é, ìyá rẹ̀ yóò ní èmi ni mo pe ikú sí i. Bí mo bá dá a dúró níbi tí ẹ ti dá Ìyá dúró, mo mọ ohun tí Ìyá sọ.

N kò ní ṣe bí ẹ ti ṣe. Kí n tó kì í rárá, n óò sọ ìtàn Bọ̀dá fún un, láti orí Òrè títí dé Owerri, pẹ̀lú bí ọwọ́ yín ṣe wà lára apá Ìyá, nítorí ó tó gbọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un rí. N óò sọ fún un pé kó dojú bolẹ̀ bí ìbọn bá ń dún, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oríkì ilé wa tì í dìde. Lẹ́yìn náà n óò kì í délẹ̀. N óò pe ẹsẹ̀ tí ó lé ogun, n óò pe ẹsẹ̀ tí ó kú sógun, nítorí òtítọ́ ni, Bọ̀dá sì ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí i. N óò wá ní ohun mẹ́ta ló yẹ Ẹ̀ṣọ́, n óò sì fi ẹ̀kẹta kún un: Ẹ̀ṣọ́ jà, ó padà wálé bá ìyá rẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin mi pé kó wá jókòó tì mí lálẹ́ Sátidé náà kó gbọ́ ọ. Kò tíì sọ bóyá yóò wá.

Bí ẹ̀yin náà bá ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ, Bàbá mi, ẹ bá mi sọ ọ́ kí ọmọ náà tó pè.

Èmi ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́