Ìfẹ́ Kì Í Ṣe Ọ̀dàlẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ìjà ẹ̀sìn bá ti bẹ́ sílẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n máa ń pe ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ìhà kejì, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí gan-an. Ní Sarajevo, olú-ìlú Bosnia, tí ogun dó tì láti 1992 sí 1996, ọ̀dọ́mọkùnrin Sẹ́ẹ̀bù kan (ẹ̀yà tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Kristẹni, tí ọmọ ogun wọn ló dó ti ìlú náà) dúró sílùú nítorí ọ̀dọ́mọbìnrin Mùsùlùmí tó fẹ́ràn. Ní oṣù Karùn-ún 1993, wọ́n jọ ń sá lọ ní afárá Vrbanja lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ìlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní yìnbọn. Ìbọn dún, ọkùnrin náà kú lójú ẹsẹ̀, obìnrin náà, tí ọta ti bà pẹ̀lú, wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì dì mọ́ ọn títí òun náà fi kú. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni òkú wọn wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí ìhà méjèèjì ń di ẹ̀bi ru ara wọn.

Àwọn kan á ní ìfẹ́ ló fọ́ wọn lójú. N kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, torí wọ́n mọ ewu tó wà lọ́nà náà dáadáa, síbẹ̀ wọn kò kọ ara wọn sílẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin òbí àti aṣáájú ẹ̀sìn, ẹ má ṣe gégùn-ún fún ọmọ tó bá kọ̀ láti kórìíra ẹni tó fẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín.