Sí Àbẹ̀kẹ́, nípa òkúta inú kíndìnrín

Ṣábẹ̀ẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Kú ewu, kú ìrora. Ọkọ rẹ ti ka èsì ẹkográfì náà, àwòrán inú ikùn tí wọ́n yà fún ọ, sí mi létí: òkúta kan ṣoṣo, mìlímítà 4, lápá òsì, ó ti kúrò nínú kíndìnrín, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìtòsí àpò ìtọ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lórí ìwé, torí ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ń ro kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin. Jẹ́ kí ọkọ rẹ náà kà á, nítorí òun ni yóò pinnu ohun tí ẹ ó ṣe bí ìrora bá gbá ọ mú lóru.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ lọ́jà pé òkúta inú gààrí ló wọ̀ ọ́ lára. Rárá o. Ohun tí a bá gbé mì, inú ìfun ló ń gbà, ìgbẹ́ ló sì ń bá jáde. Kò sí ọ̀nà tí òkúta gààrí fi lè dé kíndìnrín. Inú ìtọ̀ gan-an ni tìrẹ ti dì. Ṣé o rántí ìdí ìkòkò tí a fi ń se omi níbí: omi á gbẹ, ohun funfun á lẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Oríṣiríṣi iyọ̀ ló wà nínú ìtọ̀, omi ló sì ń mú kí wọ́n yọ́. Bí omi bá ti kéré jù, kálísíọ́mù àti oxalate, ohun kan tó wà nínú àwọn oúnjẹ bíi tẹ̀tẹ̀, á rí ara wọn, wọ́n á so pọ̀, wọ́n á máa dàgbà fún oṣù, fún ọdún, ìwọ ò sì ní mọ̀. Nínú òkúta 10, bíi 8 ló jẹ́ ti kálísíọ́mù. Lára ìyókù, ti uric acid, ìdọ̀tí kan tí kíndìnrín ń dà sínú ìtọ̀, wà, èyí tó wọ́pọ̀ lára ẹni tó ń jẹ ẹran jù tàbí tó ní àrùn ṣúgà. Ti kòkòrò inú ìtọ̀ wà. Irú kan tó ṣọ̀wọ́n sì ń tọ ìdílé lẹ́yìn.

Ìgbà tí òkúta bá ṣí kúrò níbi tó dì sí ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó ti kíndìnrín lọ sí àpò ìtọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà 3 sí 4 lọ. Ibi 3 ló ti há jù: ẹnu kíndìnrín, ibi tó ti gun orí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kọjá ní ìbàdí, àti ibi tó ti wọ inú àpò ìtọ̀. Ibi tó kẹ́yìn yìí ni tìrẹ há sí. Bí òkúta bá dí ọ̀nà, kíndìnrín kò ní dúró, yóò máa ṣe ìtọ̀ lọ. Ìtọ̀ á kó jọ lẹ́yìn òkúta, á máa fẹ kíndìnrín, ọ̀nà náà á sì máa fún ara rẹ̀ kó lè ti òkúta jáde. Ohun tó ń dùn ọ́ gan-an nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi ń wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ìrọbí, ìṣẹ́jú 20 sí wákàtí kan, kó dẹ̀, kó tún padà. Abẹ́ egungun ìhà lẹ́yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ wá síwájú, á sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ikùn. Èébì ń bá a rìn, ìtọ̀ sì lè pọ́n díẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀.

Ìrora òkúta kì í jẹ́ kéèyàn dúró sójú kan. O jókòó, o dìde, o yí síbí, o yí sọ́hùn-ún. Bí ikùn bá ń ro ẹnìkan tí kò sì fẹ́ mira rárá, tí ikùn rẹ̀ le bíi pákó, ẹ má pe ìyẹn ní òkúta, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò bá wá lákòókò, kó kọ́kọ́ yẹ oyún wò kó tó gbà pé òkúta ló ń ro òun lábẹ́ ikùn. Oyún tó dúró síta ilé ọmọ lè pani.

Bí ìrora bá tún dé, ibuprofen mìlígírámù 400 ni kí o lò, lẹ́yìn tí o bá ti fi nǹkan sẹ́nu. Jẹ́ kó tó wákàtí 6 sí 8 kí o tó lo òmíràn, má sì kọjá mìlígírámù 1200 láàárín ọ̀sán àti òru kan, àfi bí dókítà bá ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń pa ìrora nìkan, ó ń dín ìtẹ̀mọ́ inú kíndìnrín náà kù, ìyẹn ló fi yàtọ̀. Bí kò bá tó, o lè fi paracetamol mìlígírámù 1000 kún un ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, má kọjá 4000 lóòjọ́. Ṣùgbọ́n bí oyún bá wà, bí ọgbẹ́ bá wà nínú ikùn, bí wọ́n bá ti sọ pé kíndìnrín kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí bí o bá ti bì títí omi ara ti gbẹ, má fọwọ́ kan ibuprofen. Spasfon, oògùn inú rírun tí gbogbo ènìyàn ń sáré rà, kì í fi bẹ́ẹ̀ kún agbára ibuprofen, má náwó lé e lórí. Fámásì ni kí ẹ ti ra ibuprofen àti paracetamol. Oògùn orí àtẹ tí oòrùn ń pa, kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú rẹ̀.

Omi gbígbóná nínú ike tí a fi aṣọ wé, kí o gbé e lé ẹ̀gbẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 20, ń ṣe ìrànlọ́wọ́ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá bu omi sí ọ lẹ́nu lásìkò tí ìrora bá le, pé kó lè ti òkúta náà jáde. Ọ̀nà ti dí. Omi tí o bá dà lé e, kíndìnrín tó ti wú náà ni yóò tún fẹ̀ sí i. Bí òùngbẹ bá ṣe gbẹ ọ́ tó ni kí o mu ún. Nígbà tí ìrora bá ti lọ ni omi púpọ̀ ń wúlò.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọkọ rẹ dúró lé lórí nìyí. Bí ara rẹ bá gbóná dé 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí òtútù bá ń gbọ̀n ọ́ pẹ̀lú ìrora ẹ̀gbẹ́, kò sí pé ẹ ń dúró de òwúrọ̀. Kòkòrò ti wọ inú ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde, ó lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, oògùn kòkòrò nìkan kò sì ní wò ó. Wọ́n ní láti la ọ̀nà fún ìtọ̀ náà, yálà kí wọ́n gba àpò ìtọ̀ ki ọ̀pá róbà tín-ín-rín wọlé sókè, tàbí kí wọ́n gba ẹ̀yìn fà á jáde. Ẹ máa lọ tààrà síbi tí dókítà ìtọ̀ wà. CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ní Kútọnu, ní wọn, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Àjàṣẹ́. Bákan náà ni bí ìtọ̀ kò bá jáde mọ́, bí o bá ń bì gbogbo oògùn padà, tàbí bí ìrora kò bá gbọ́ oògùn rárá.

Òkúta tí kò tó mìlímítà 5, ọ̀pọ̀ ló ń jáde fúnra rẹ̀, pàápàá tó bá ti dé ibi tí tìrẹ dé. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Bó bá ti sún mọ́ àpò ìtọ̀ gan-an, ìtọ̀ yóò máa gbọ̀n ọ́ ní gbogbo ìgbà, yóò sì máa ta ọ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń fún ní oògùn àrùn ìtọ̀ lásán nígbà náà. Ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò ní láàbù kí o tó gbà á.

Inú ọ̀rá tàbí póò ni kí o máa tọ̀ sí, kí o da ìtọ̀ náà gba inú aṣọ funfun mímọ́ tàbí asẹ́ tíì kọjá. Má retí ohun ńlá. Bí ẹyọ iyanrìn odò ló ń rí, àwọ̀ rẹ̀ lè pọ́n díẹ̀ tàbí kó dà bí eérú, ara rẹ̀ sì kún fún ṣónṣó. Bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò gún ọ. Fi omi ṣàn án, jẹ́ kó gbẹ, fi í sínú ìgò oògùn tó ṣófo, gbé e lọ sí láàbù. Irú òkúta tó jẹ́ ló ń sọ ohun tí o máa yí padà nínú oúnjẹ, ẹni tó bá sọ tirẹ̀ nù sínú ṣáláńgá yóò kàn máa méfò ni.

Má sì tan ara rẹ bí ìrora bá dédé dá. Ó lè jẹ́ pé òkúta ti jáde, ó sì lè jẹ́ pé kíndìnrín tó dí náà ti rẹ̀, tó ń bàjẹ́ lọ láìsọ̀rọ̀. Bí o kò bá rí òkúta náà lójú, kí o tún ẹkográfì ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, dókítà yóò ki ẹ̀rọ tín-ín-rín gba ojú ìtọ̀ wọlé láti yọ ọ́ tàbí fọ́ ọ. Kò sí àgbo tó ń yọ́ òkúta kálísíọ́mù. Ti uric acid ni oògùn lè yọ́, dókítà ló sì ń kọ ọ́. Àgbo tí wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kíndìnrín tó ń jà fún ẹ̀mí ara rẹ̀ ló tún máa sẹ́ ẹ.

Wàyí o, ohun tó fà á. Ìwọ fúnra rẹ lo mọ̀ ọ́n: láti aago 7 òwúrọ̀ tí o bá ti jókòó ti aṣọ títà ní ọjà Ouando, o kì í mu omi títí di ìrọ̀lẹ́, torí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà kò ṣeé wọ̀. Mo mọ̀ pé kò ṣeé wọ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ páànù yẹn, òógùn ń gba omi rẹ lọ, ìwọ̀nba tó kù ni kíndìnrín ń fi ṣe ìtọ̀ dúdú bíi tíì. Bá ìyá tó nílé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ sọ ọ́, kí o máa san nǹkan fún un lóṣooṣù kí o lè máa lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Owó yẹn ni oògùn rẹ àkọ́kọ́.

Ìtọ̀ tí o bá tọ̀ ní ọ̀sán àti òru kan gbọ́dọ̀ tó lítà 2 sí 2 àbọ̀. Omi inú ọ̀rá, ìdajì lítà ni ọ̀kan: mu 6 lóòjọ́, kó di 7 tàbí 8 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́. Mu ọ̀kan kí o tó kúrò nílé, 3 kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan kí o tó sùn. Bí ìtọ̀ bá jí ọ lóru, mu omi díẹ̀ kí o tó padà sùn, torí òru ni ìtọ̀ ń ki jù. Kí àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, o ti ṣe é dáadáa nìyẹn. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà dára: fún ìdajì kọ́ọ̀bù oje rẹ̀ sínú lítà 2 omi, láìfi ṣúgà sí i, mu ún jálẹ̀ ọjọ́. Ohun kíkan inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní citrate ń di kálísíọ́mù mú kó má so pọ̀ mọ́ oxalate. Fi omi lásán yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ nítorí eyín.

Wọ́n ti ní kí o má jẹ wàrà mọ́ nítorí kálísíọ́mù. Àṣìṣe tó ń dùn mí jù nìyẹn. Kálísíọ́mù tí o bá jẹ pẹ̀lú oúnjẹ ń mú oxalate mọ́lẹ̀ nínú ìfun, ìgbẹ́ á sì gbé àwọn méjèèjì jáde. Bí o bá yọ wàrà kúrò, oxalate á ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀, á dé kíndìnrín. Tẹ̀tẹ̀ kún fún oxalate, àwọn tó ṣáájú wa ló sì ń fi wàrà sè é. Ẹ má yà wọ́n. Bọ tẹ̀tẹ̀ nínú omi púpọ̀, da omi náà nù, kí o tó sè é. Ẹ̀pà, kúlíkúlí àti kajú, dín wọn kù, má jẹ ẹ́ lọ́wọ́ lásán títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fítámì C oníhóòfóò mìlígírámù 1000 tí o ń mu nítorí òtútù, dá a dúró, torí ara ń sọ díẹ̀ lára rẹ̀ di oxalate.

Iyọ̀ ni olè kejì: bó bá ń jáde nínú ìtọ̀, ó ń fa kálísíọ́mù dání. Gírámù 5 lóòjọ́ ló tó fún ẹnìkan, ìyẹn ṣíbí tíì kan péré. Kúbù kan, bíi ìdajì rẹ̀ ni iyọ̀. O mọ iye tí o ń jù sínú ọbẹ̀. Dín ẹran àti inú ẹran kù, kí ó má jẹ́ ojoojúmọ́, kí ọtí bíà àti ohun mímu dídùn sì di ti ọjọ́ ọdún. Nínú ẹni 2 tó ní òkúta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan tún ń ní i láàárín ọdún 10, nítorí náà kì í ṣe ti oṣù yìí nìkan.

Mo fi wàrà 6 rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní fi ewé ọkà bàbà pa pupa. Tún un bọ̀ lójoojúmọ́ kó má kan, má sì fi iyọ̀ sí omi rẹ̀. Fi èsì láàbù rán ọkọ rẹ sí mi lórí fóònù ní ọjọ́ tí o bá gbà á.

Ìyá rẹ