Ìpàdé ìwé kíkà Sátidé: ara obìnrin tí à ń kílíìkì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìpàdé Sátidé yìí ò yẹ̀ o, aago mẹ́jọ alẹ́ lórí Zoom, màá fi línkì síbí tó bá ku wákàtí kan.

Patchwork Girl, ìwé ìtàn tí Shelley Jackson ṣe ní 1995, la máa sọ̀rọ̀ lé lórí. Orí kọ̀ǹpútà ló wà, kò ní ojú ewé kìíní kó tún ní ìkẹyìn, ibi tó bá wù yín lẹ máa kílíìkì. Ẹ rántí pé nínú Frankenstein, ìwé ìtàn Mary Shelley ti 1818, Victor, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti fi ẹ̀yà òkú ṣe ẹ̀dá ọkùnrin kan tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dá obìnrin kan ló bá fà á ya kó tó parí ẹ̀, Jackson ní rárá o, obìnrin yẹn á wà láàyè, ẹ̀yà ara oríṣiríṣi èèyàn ni wọ́n rán pọ̀ tó fi di odidi, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìtàn ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Àwa tí à ń kà á náà la tún ń rán an pọ̀ bá a ṣe ń kílíìkì, ibẹ̀ gan-an ló gbà mí lọ́kàn jù. Ta wá ló ni ara yẹn?

Ẹni tí ò bá rí i rà, kó wá "my body" tí Jackson yìí kan náà ṣe ní 1997 lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwòrán ara obìnrin ni, ẹ tẹ apá tàbí ẹsẹ̀, ìtàn ibẹ̀ á jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú mú ibì kan tó kà dání, ẹ má kàn wá máa wò wá níran o. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ fèsì síbí kó tó di alẹ́ Tọ́sìdeé.