Àbẹ̀kẹ́, Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Péépà Náà?

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Atẹ́gùn ti ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé, bùrọ̀dá rẹ ní òun ń bọ̀ wá kàn án, òun náà ni mo ń retí. Ẹsẹ̀ àǹtí rẹ ti Ìjẹ̀bú-Igbó ti ń fà sẹ́yìn. Ewúrẹ́ ti bímọ méjì, akọ ni méjèèjì.

O kò gbé fóònù mi láti ọjọ́ Sátidé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí àbúrò rẹ yà á ní fọ́tò kó fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Ẹnì kan tó mọ̀ yín níbi iṣẹ́ ló wá kí mi, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Má béèrè ẹni náà lọ́wọ́ mi. Ó ní péépà ìwádìí rẹ lórí láfún ti ṣe tán, pé jọ́nà kan tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde ti ṣèlérí pé kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àwọn á ti gbé e jáde, pé dọ́là ni wọ́n ń gbà, pé ọ̀gá yín ní òun á san án, orúkọ òun ni yóò sì ṣáájú. Mo ṣì lè fara da ìyẹn. Ó wá ní orúkọ ọmọkùnrin inú láàbù yẹn ti kúrò níbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni, Àbẹ̀kẹ́?

Bí irọ́ bá ni, má bínú sí mi, fi ìwé yìí sílẹ̀ kí o lọ jẹun, torí mo mọ̀ pé o kò tíì jẹun. Bí òótọ́ bá ni, jókòó kí o kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi fojú ara mi rí ọmọ yẹn. Lọ́jọ́ tí o mú mi dé láàbù yín, òun ló ń wọn ìyẹ̀fun láfún sínú àwọn ìgò kéékèèké. Bí ó bá ti wọn ọ̀kan tán, á da omi díẹ̀ sí i, á fi bébà yẹ́lò há inú rẹ̀, á dé e pa, á sì kọ orúkọ ọjà tí wọ́n ti rà á sí i lára. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo dé, àwọn bébà kan ṣì yẹ́lò, àwọn kan ti di pupa rúsúrúsú. Ó ń gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì aláwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé fún mi: èyí tó ṣì yẹ́lò, wọ́n rẹ gbágùúdá rẹ̀ pẹ́ nínú omi, èyí tó ti pupa, wọ́n kánjú yọ ọ́, májèlé sáyánáìdì ṣì wà nínú rẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ, ni pé kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kílò kan. Ojú ọmọ náà pọ́n, ó ní iná ò dúró, òun kò sì fẹ́ kí ibi tí àwọn ìgò wà tutù jù. Ibẹ̀ ló sùn mọ́jú. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, o sì gbọ́.

Ta wá ni wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ yìí?

Mo mọ̀ pé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ti kàn ọ́, mo mọ̀ pé wọ́n ń ka péépà, mo mọ̀ pé àwọn tí ẹ jọ wọlé ti kọjá rẹ. Mo ń gbàdúrà sí i lójoojúmọ́. Ọmọ tó ń fi iná fóònù kàwé nígbà tí gbogbo ilé ti sùn ni ọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé ọ̀lẹ ni ọ́. Ṣùgbọ́n jọ́nà wo ló ń yẹ iṣẹ́ wò tán kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé? Ta ni wọ́n fún kà? Olóòtú gidi á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó bá jọ́nà òun mu, á wá fi ránṣẹ́ sí onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, àwọn wọ̀nyẹn á kà á láàárín iṣẹ́ tiwọn, wọ́n á béèrè ìbéèrè tó ń dunni, ìwọ náà á dáhùn wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láìbínú. Oṣù ló ń gbà. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, a lè fi péépà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ọdún yí po kí èsì tó dé, bí èsì bá sì dé, àtúnṣe ló máa ń kún inú rẹ̀.

Ìwé ìròyìn Science dán àwọn jọ́nà bẹ́ẹ̀ wò ní 2013. Wọ́n kọ péépà irọ́ kan nípa oògùn jẹjẹrẹ, àṣìṣe inú rẹ̀ hàn kedere, wọ́n fi orúkọ Áfíríkà kan tí kò sí láyé sí i, wọ́n ní ilé ìwádìí kan ní Asmara, ní Eritrea, ló ti wá, ilé ìwádìí náà kò sì sí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. Jọ́nà 157 ló gbà á. Orúkọ Áfíríkà ni wọ́n lò, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo kà á, inú mi bàjẹ́, torí mo mọ̀ pé àwa gan-an ni àwọn tó ń gba dọ́là wọ̀nyí ń dọdẹ. Iṣẹ́ rẹ gidi á wà nínú irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ti ẹni tí kò sí. Bí wọ́n bá sì ti gbé e jáde, o kò lè gbé e lọ sí ibòmíràn mọ́.

Àwọn ibi tí a ti ń wádìí wà. DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2003, wo orúkọ jọ́nà náà níbẹ̀. Àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà wà lórí AJOL, ojúlé tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 1998. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìgbìmọ̀ olóòtú bóyá wọ́n tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ wọn wà níbẹ̀. Bí jọ́nà gidi bá ní kí o sanwó, kọ̀wé sí wọn kí o tó fi péépà ránṣẹ́, kí o béèrè bóyá wọ́n ń dín in kù fún àwọn tó wá láti irú orílẹ̀-èdè wa. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ owó. Owó kọ́ ló ń gba oorun lójú mi.

Orúkọ ni. Owó tí ọ̀gá fi ra iwájú, àti ọmọ tí wọ́n tì jáde kí àyè lè gbà wọ́n.

O rántí pé èmi ni mo ń táìpù fún gbogbo ẹ̀ka yẹn títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo ti táìpù péépà láti ayé taipúráítà, kábọ́ọ̀nù mẹ́ta lábẹ́ bébà, àyè ìlà méjì láàárín ọ̀rọ̀, tábìlì kọ̀ọ̀kan lójú ewé tirẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì mí ní ìlà ìkẹyìn, mo tún odidi ojú ìwé náà bẹ̀rẹ̀ ni. Ní 1978, àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn kan pàdé ní Vancouver ní Kánádà kí wọ́n lè fẹnu kò lórí bí péépà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wọn ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀nà tí a fi ń to ìwé ìtọ́kasí ní nọ́ńbà ti wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Vancouver. Ìgbìmọ̀ yẹn kan náà ló ṣòfin lórí ẹni tó yẹ kó jẹ́ òǹkọ̀wé, ọ̀pọ̀ jọ́nà tí kì í ṣe ti ìṣègùn sì ń tẹ̀lé e. Lọ kà á fúnra rẹ. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ gidi lórí ètò ìwádìí tàbí lórí kíkó àbájáde jọ àti títúmọ̀ rẹ̀. Kó bá wọn kọ ọ́ tàbí kó tún un ṣe. Kó fọwọ́ sí i kó tó jáde. Kó sì gbà láti dáhùn fún un bí ìbéèrè bá dé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé wíwá owó fún iṣẹ́ nìkan, tàbí ṣíṣe ọ̀gá lórí rẹ̀ nìkan, kò sọ ènìyàn di òǹkọ̀wé. Wọ́n tún ní ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ náà, kí wọ́n fún un láyè kó ka péépà, kó sì dá sí i. Ẹ ò lè sọ pé ọmọ yẹn kò bá yín kọ ọ́ nígbà tí ẹ kò fún un kà.

Mo ń bá ọ wí, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. N kò sọ ọ́ fún bàbá rẹ títí ó fi kú.

Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́, tí n kò ní dárúkọ, gbé péépà kan wá fún mi kí n táìpù rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Wọ́n ti fi báírò pupa fa ìlà lé orúkọ kan. Ọkùnrin inú láàbù ni. Òun ló ń jí lọ sódò kí ilẹ̀ tó mọ́ láti bu omi tí wọ́n ń yẹ̀ wò, òun ló kọ gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú tábìlì tí mo táìpù, mo mọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, méje rẹ̀ máa ń ní ìlà láàárín. Mo fa bébà yọ, mo ki òmíràn sínú ẹ̀rọ, mo táìpù ojú ìwé àkọ́kọ́ láìsí orúkọ rẹ̀. N kò béèrè nǹkan kan.

Ó máa ń yọjú sí ọ́fíìsì mi. "Ẹ̀gbọ́n, péépà wa ti dé?" Péépà wa ló ń pè é. Èmi á ní kò tíì dé. Ó ti dé, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ níwájú orúnkún mi bí mo ṣe ń dá a lóhùn. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ti wá rí i. Kò bá mi jà. Kò kàn pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́, "Ẹ káàárọ̀ mà" ló kù, títí ó fi kúrò níbẹ̀.

Oyún rẹ wà nínú mi nígbà náà, iṣẹ́ bàbá rẹ sì ti dúró. Mo mọ bí ẹ̀rù ọ̀gá ṣe ń rí. Owó oṣù tí mo fi ẹnu dídì yẹn dáàbò bò ni mo fi rán ọ lọ sílé ìwé, ó sì ń dùn mí, torí n kò mọ bí mo ṣe lè kábàámọ̀ rẹ̀ tán kí n má kan ìwọ náà. Mo ti béèrè ọkùnrin náà káàkiri. Wọ́n ní ó kó lọ sí Ìlọrin.

Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró. Láfún tí mo fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ rẹ bí? Mo rẹ ẹ́ dáadáa, fọkàn balẹ̀.

Ìwọ ló máa ń sọ ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun fún mi, ọmọ Òkèmẹsí, tó gbé ìwádìí rẹ̀ lórí àrùn tó ń mú ẹsẹ̀ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń ba ojú àti etí jẹ́, jáde nínú jọ́nà Brain ní 1968, tó sì tọpa rẹ̀ dé oúnjẹ gbágùúdá. Ọ̀sosà tí kò jìnnà sí wa níbí wà lára ibi tí wọ́n ti wádìí ẹ̀. Bí 30 ọdún lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn padà sí ìlú náà, wọ́n yẹ àwọn ará ibẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé àrùn náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n rí ohun tí wọ́n lè fi wéra torí pé ẹni àkọ́kọ́ kọ ohun tó ṣe sílẹ̀ yékéyéké. Ẹni tó bá fẹ́ tún iṣẹ́ tìrẹ ṣe lọ́jọ́ iwájú, ta ni yóò bi pé wákàtí mélòó ni bébà yẹn lò nínú ìgò, pé báwo ni láàbù ṣe gbóná tó lálẹ́ ọjọ́ náà? Ìwọ kò sí níbẹ̀ lálẹ́. Ọ̀gá yín kò sí níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni ẹ yọ.

Lẹ́tà tí o máa kọ sí olóòtú, o gbọ́dọ̀ sọ nínú rẹ̀ pé gbogbo àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ti kà á, wọ́n sì fọwọ́ sí i, àti pé péépà náà kò sí níwájú jọ́nà mìíràn. Ṣé wàá lè fọwọ́ sí ìyẹn, ìwọ ọmọ tí mo bí?

Má tíì fi ránṣẹ́. Tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mú un tọ ọmọkùnrin náà lọ, kó kà á, kó fi báírò sàmì síbi tí ẹ ti ṣì í, ní pàtàkì abala ọ̀nà ìwádìí. Lẹ́yìn náà, lọ bá ọ̀gá yín pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Má bá wọn jiyàn. Mú òfin jọ́nà náà dání, kí o ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ohun tí wọ́n ń béèrè rèé." Bí wọ́n bá ti bá yín ṣe iṣẹ́ náà ní tòótọ́, kí orúkọ wọn wà níbi tó yẹ ẹ́. Bí owó nìkan ni wọ́n fẹ́ mú wá, abala ìdúpẹ́ wà ní ìparí péépà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá bínú, tí ìgbéga yẹn bá di ọdún tó ń bọ̀, jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Oúnjẹ kò ní wọ́n yín, èmi ṣì wà láyé.

Àjọ mi kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí jọ́nà gidi bá kọ̀ láti dín owó wọn kù, sọ fún mi kí o tó yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ya ojú ìwé àkọ́kọ́ ní fọ́tò fún mi kí o tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Kí ìlà àwọn orúkọ hàn dáadáa. Màá tún pè ọ́ lálẹ́ òní lẹ́yìn ìròyìn, gbé fóònù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.